"Bully": Bọ̀dá Tí Ó Bàjẹ́

Ó ṣọ̀wọ́n kí a rí ilé ọmọ Yorùbá kan ní Prince George's County yìí, láti Hyattsville dé Bowie, láti Laurel dé Upper Marlboro, tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí kò tíì wọ̀. Nígbà mìíràn, inú ìwé tí ilé-ìwé fi ránṣẹ́ sí òbí ni ó ń bá wá. Nígbà mìíràn, ẹnu ọmọ ni. Ọmọ á ní, "Mummy, they are bullying me." Ìyá tí ó ń se ọbẹ̀ lọ́wọ́ á yí i sí Yorùbá nínú ọkàn rẹ̀ pé wọ́n ń yọ ọ́ lẹ́nu. Èsì sì ti wà nílẹ̀: "Má dá wọn lóhùn. Ìwé rẹ ni kí o gbájú mọ́." Bí bàbá bá wà nítòsí, yóò fi tirẹ̀ kún un pé ìjà ò dọlà, orúkọ ní í sọni. Ọ̀rọ̀ bùṣe. Ọmọ gbé báàgì rẹ̀, ó gba yàrá lọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, àríwísí tí a fẹ́ ṣe lónìí kan ọ̀rọ̀ méjèèjì, bully ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti "yọ lẹ́nu" tí àwa fi ń túmọ̀ rẹ̀. A kì í ṣe olùkọ́ èdè. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni a ń ṣe jẹun. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti fi yé wa pé bí a bá kọ iye owó tí ó tọ́ sí abẹ́ àkọlé tí kò tọ́, ìwé lè dọ́gba lójú, síbẹ̀ irọ́ ni yóò máa pa fún ẹni tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé e. Lójú tiwa, abẹ́ àkọlé tí kò tọ́ ni a ń kọ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yìí sí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ibi tí bully ti ṣẹ̀ wá, nítorí ìtàn rẹ̀ yani lẹ́nu. Nígbà tí ó kọ́kọ́ yọjú nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì, láàárín ọdún 1530 sí 1540, ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni. Olólùfẹ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀, àyànfẹ́ ẹni, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin. Àwọn onímọ̀ èdè rò pé ọwọ́ àwọn ará Holland ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti yá a, láti inú ọ̀rọ̀ wọn boel, tí ó túmọ̀ sí olólùfẹ́, tí wọ́n sì tún máa ń fi pe arákùnrin ẹni. Wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí boel fúnra rẹ̀ jẹ́ orúkọ ìkẹ́ tí a gé kúrú láti ara broeder, èyí tí í ṣe ọmọ ìyá brother ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Inú brother yìí kan náà sì ni àwa Yorùbá ti mú bọ̀dá jáde. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹbí kan náà ni bully àti bọ̀dá.

Láti olólùfẹ́, ó di ọ̀rẹ́ àtàtà, ó di ọkùnrin gidi, irú ẹni tí a ń kí ní "ọ̀gá mi" láìjẹ́ pé ó gbà wá síṣẹ́. Nínú eré A Midsummer Night's Dream tí Shakespeare kọ ní nǹkan bí ọdún 1595, bully ni àwọn ẹlẹgbẹ́ Bottom ahunṣọ fi ń pè é. Ìyìn ni, kì í ṣe èébú. Àfi ìgbà tí ó di ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Ọkùnrin gidi di aláriwo àti afọ́nnu. Afọ́nnu di ẹni tí ń fi agbára halẹ̀ mọ́ aláìlágbára. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, wọ́n tún ń fi pe ọkùnrin tí ó ń dúró ti aṣẹ́wó, tí ó ní ààbò ni òun ń ṣe fún un, tí ó sì ń jẹ nínú owó rẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn tí ń tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ rò pé ojú ọ̀nà yẹn gan-an ni ìfẹ́ gbà di ìkà.

Ìtumọ̀ rere náà kò kú tán. Theodore Roosevelt, tí ó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà láti 1901 sí 1909, fẹ́ràn láti máa pe ohun tí ó bá dára ní bully, òun ni ó sì pe ipò ààrẹ ní "bully pulpit". Àga ìwàásù tí ó dára púpọ̀ ni ó ní lọ́kàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ tí ń gbọ́ ọ lónìí rò pé àga ìhàlẹ̀ ni. Ní ti ẹran inú agolo tí àwọn bàbá wa ń pè ní bully beef, kò bá wọn tan rárá. Ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ni orúkọ yẹn ti wá, láti ara bouilli, ohun tí a sè. Ẹ máa jẹ ẹ́ lọ.

Ohun tí ó wù wá nínú ìtàn yìí ni pé ó fi irú ẹni tí bully jẹ́ hàn. Kì í ṣe ọ̀tá láti ìta. Ẹni tí ó wà nítòsí ni, ẹni tí ó ní agbára tí ó yẹ kí ó fi ṣe ààbò fún ẹni tí kò tó o, tí ó wá yí agbára náà padà sí i lára. Bọ̀dá tí ó bàjẹ́ ni. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan àwa ju bí ó ti kan ẹlòmíràn lọ, nítorí orí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni gbogbo ìgbé-ayé wa dúró lé. Kódà nínú èdè wa, ó rọrùn láti mọ ẹni tí ó ṣáájú ju kí a mọ ẹni tí ó jẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin lọ.

Ẹ wo ilé-ìwé onílégbèé tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti kàwé ní Nàìjíríà. Ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni àṣà kí ọmọ kíláàsì òkè máa rán ọmọ kíláàsì ìsàlẹ̀ níṣẹ́ ti wọ ibẹ̀. Ní àwọn ilé-ìwé ńlá wọn, ọmọ kékeré ni yóò nu bàtà ọmọ àgbà, òun ni yóò sè tíì rẹ̀. Thomas Hughes, tí ó kàwé ní Rugby, kọ ìtàn irú ìgbésí-ayé bẹ́ẹ̀ sínú Tom Brown's School Days, tí ó jáde ní 1857, ó sì fi ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Flashman ṣe bully inú rẹ̀. Ìwé náà gbajúmọ̀ débi pé tí a bá dárúkọ Flashman fún Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti dàgbà díẹ̀, kò ní béèrè ẹni tí í ṣe. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1859, ni CMS Grammar School bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ìjọba ṣí King's College ní 1909, Government College Ìbàdàn tẹ̀ lé e ní 1929. Ìwé kíkà wá, àṣà sínọ̀ àti júníọ̀ náà sì bá a wá.

Àwa ò sì gbà á bẹ́ẹ̀ lásán, a fi iyọ̀ tiwa sí i. A dá oyè school father àti school mother sílẹ̀. Sínọ̀ yóò mú júníọ̀ kan bí ọmọ, júníọ̀ yóò máa pọn omi fún un, yóò máa fọ aṣọ rẹ̀, sínọ̀ náà yóò sì rí i pé ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Ó ṣe àwọn kan láǹfààní. Àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé títí di òní, ẹni tí ó ṣe school father wọn ni wọ́n fi ń ṣe bàbá ìsàmì fún ọmọ wọn. Ṣùgbọ́n oyè kan náà ni ẹni tí ó ń kó gààrí àti mílíìkì ọmọ ọlọ́mọ nínú lọ́kà ń jẹ, ẹni tí ń jí ọmọ ọdún mọ́kànlá lóru pé kí ó kúnlẹ̀, kí ó gbé ọwọ́ sókè, nítorí pé oorun kò kun òun. Kò sí bí a ṣe lè fi orúkọ mọ èyí yàtọ̀ sí tọ̀hún. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn nìkan ni a fi lè mọ̀ wọ́n.

Nígbà tí a bá ń sọ èyí ní ibi àpèjẹ, a máa ń gbọ́ kí ẹnìkan ní, "Ìyà yẹn náà ni ó sọ wá di ènìyàn." A bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ kò pé. Àwọn tí ó là á já nìkan ni ó wà níbi àpèjẹ náà. Àwọn tí ó sá kúrò ní ilé-ìwé, àwọn tí ìwé kíkà sú pátápátá nítorí ilé oorun, wọn kò sí níbẹ̀ láti sọ tiwọn. Ẹni tí ó bá ka èrè tí kò ka àdánù kò tíì ṣírò nǹkan kan.

Ìyàtọ̀ ńlá kan sì tún wà tí a kì í rántí. Júníọ̀ mọ̀ pé bí òun bá fara dà á, ọdún ń lọ, òun náà yóò di sínọ̀. Ọmọ wa tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì kẹta níhìn-ín, tí wọ́n ní oúnjẹ rẹ̀ ń rùn, tí wọ́n ń sín ohùn rẹ̀ jẹ, kò sí kíláàsì tí yóò wọ̀ tí orúkọ náà yóò bọ́ lára rẹ̀. Èébú kan wà tí wọ́n fi ń bú àwọn ọmọ Áfíríkà ní ilé-ìwé orílẹ̀-èdè yìí. Ó dọ̀tí jù fún ojú ìwé yìí. Ẹ bi àwọn ọmọ yín, wọ́n mọ̀ ọ́n.

A wá dé orí Yorùbá tiwa. Kí ni ó burú nínú "yọ lẹ́nu"? Ó kéré jù ni. Eyín ń yọni lẹ́nu. Mọ́tò ń yọni lẹ́nu. Ọmọ ọdún méjì tí ó ń fa gèlè ìyá rẹ̀ àgbà náà ń yọ ọ́ lẹ́nu. Kò sí ìkà nínú rẹ̀, kò sí agbára nínú rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí ìyá fi lè gbọ́ ọ kí ó má sì yí ojú kúrò lórí ọbẹ̀. "Fínràn" sàn díẹ̀, nítorí ó sọ pé ẹnìkan ni ó wá ìjà láìnídìí, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ lè fín ẹgbẹ́ níràn, kékeré pàápàá lè fín àgbà níràn. "Halẹ̀ mọ́ni" àti "dúnkokò mọ́ni" dára, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni wọ́n ká. "Fòòró" fi hàn pé nǹkan náà kò dáwọ́ dúró, pé ó ń rẹni tẹnutẹnu. Òun ni ó súnmọ́ harass jù. Àwọn onímọ̀ kan sọ pé harass ní tirẹ̀ lè ti wá láti ara igbe tí àwọn Faransé ayé àtijọ́ ń ké láti dẹ ajá sí nǹkan. Ẹni tí a bá ti dẹ ajá sí rí mọ ohun tí a ń sọ.

Èyí tí a fara mọ́ jù ni "rẹ́ni jẹ". Ẹ gbé e wò dáadáa. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé èèrà rẹ́ erin jẹ. Agbára ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà kí a tó sọ ọ́ jáde, ẹ̀tọ́ tí a gbà lọ́wọ́ ẹni náà sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ọmọ bá wọlé tí ó ní, "Wọ́n ń fi agbára rẹ́ mi jẹ lójoojúmọ́," kò sí ìyá Yorùbá tí kò ní gbé ìkòkò sọ̀ kalẹ̀.

Èdè wa tún ní àǹfààní kan tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní níbí. Bully jẹ́ orúkọ. Bí a bá ti fi pe ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó lẹ̀ mọ́ ọn bí àtè. Yorùbá máa ń sọ ohun tí ó ṣe: ó ń rẹ́ ọmọ ẹlòmíràn jẹ. Ẹni tí ó ń ṣe nǹkan lè ṣíwọ́. Ní ti èyí, a kò ní fi tiwa ṣe pààrọ̀ tiwọn.

Àwọn tí ó fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ jù lọ kì í tilẹ̀ ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará àríwá Yúróòpù ni, Sweden àti Norway, àwọn ìbátan Denmark. (Ọmọ ọba Denmark kan, George, ọkọ Anne tí ó di ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ county wa yìí ní 1696, nítorí náà a lè sọ pé àna wa ni wọ́n.) Mobbing ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ wọn, ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ nípa ẹranko ń lò fún àwọn ẹyẹ kéékèèké tí ó bá pawọ́ pọ̀ lé òwìwí. Dókítà kan ní Sweden, Peter-Paul Heinemann, ni ó mú un wọ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní 1969. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Dan Olweus bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tirẹ̀ ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn 1970, ó sì ní kò di ìgbà tí ó bá di ọ̀wọ́. Alágbára kan ṣoṣo tó. Àmì mẹ́ta ni ó fi dá a mọ̀: pé a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, pé à ń ṣe é léraléra, àti pé agbára àwọn méjèèjì kò dọ́gba. Nígbà tí ọmọkùnrin mẹ́ta pa ara wọn ní Norway ní ìparí 1982 nítorí irú ìyà yìí, ìjọba ibẹ̀ gbé e káàkiri gbogbo ilé-ìwé ní 1983. Ẹ fi àmì mẹ́ta yìí wé "fi agbára rẹ́ mi jẹ lójoojúmọ́", ẹ ó rí i pé kò sí èyí tí ó ṣẹ́ kù.

Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1999 ni Georgia ṣe òfin àkọ́kọ́, Montana sì ni ó gbẹ̀yìn ní 2015. Maryland ṣe tirẹ̀ ní 2005, wọ́n sì tún ṣe òmíràn ní 2008 tí ó pa á láṣẹ fún ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ county kọ̀ọ̀kan láti ní ìlànà lórí rẹ̀. Òfin Grace tẹ̀ lé e ní 2013, lẹ́yìn tí ọmọbìnrin ọlọ́dún 15 kan ní Howard County pa ara rẹ̀ ní 2012 nítorí ohun tí wọ́n ń kọ sí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú àwọn ohun tí òfin Maryland dárúkọ pé a kò gbọ́dọ̀ torí rẹ̀ fi ìyà jẹ ọmọ ni orílẹ̀-èdè tí ó ti wá, ìran rẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀ àti bí ara rẹ̀ ṣe rí. Nítorí náà, orúkọ Adéwálé tí wọ́n ń lọ́ po lójoojúmọ́, tí ó ń mú kí Adéwálé máa sọ pé inú ń run òun ní gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè, kì í ṣe ọ̀rọ̀ "má dá wọn lóhùn". Òfin mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n bí a óò bá sọ òótọ́, àwọn ọmọ wa kì í ṣe ẹni tí à ń rẹ́ jẹ nìkan. Àwọn tí a bí síhìn-ín wà lára àwọn tí ń fi ohùn ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé ṣe ẹ̀rín nínú bọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ ìbátan wọn ni, àwọn ni ó sì yẹ kí wọ́n mú un rìn. Bọ̀dá tún bàjẹ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ akátá sì ń bẹ. Orúkọ ẹranko ìgbẹ́ ni, àwọn kan nínú wa sì ń fi pe àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà lórí tábìlì oúnjẹ, níwájú ọmọ, ní county tí ó jẹ́ pé àwọn gan-an ni wọ́n pọ̀ jù níbẹ̀. Ọmọ ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé ni. Yóò gbé e lọ sí ilé-ìwé, ẹni tí ó bá sì sọ ọ́ sí lójú yóò fèsì. Òbí tí ó bá wá gba ìwé láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé lẹ́yìn ìyẹn yóò máa ṣe kàyéfì ibi tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Fọ́ọ̀mù kan wà tí òfin 2005 ní kí ó wà fún ẹjọ́ báyìí. Ó ń béèrè orúkọ ẹni tí wọ́n fi ìyà jẹ àti ti ẹni tí ó ṣe é, ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀, bí ọmọ bá fara pa, iye ọjọ́ tí kò lè lọ sí ilé-ìwé nítorí rẹ̀. Ó tún ń béèrè ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí ọmọ náà. Ibí yìí ni ó ti ń há mọ́ ọ̀pọ̀ òbí lọ́wọ́, nítorí "wọ́n ń yọ ọ́ lẹ́nu" kò ṣeé kọ síbẹ̀. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti ọmọ rẹ̀, tí ó bi í pé kí ni wọ́n pè ọ́, ta ni ó pè ọ́ bẹ́ẹ̀, ìgbà mélòó, ta ni ó wà níbẹ̀, tí ó sì ti ń kọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sínú ìwé kékeré kan bí ẹni ń kọ ìnáwó, yóò rí nǹkan kọ.

Ọmọ fúnra rẹ̀ lè kọ fọ́ọ̀mù náà, òbí tàbí alágbàtọ́ lè kọ ọ́, òṣìṣẹ́ ilé-ìwé lè kọ ọ́. Òfin tún fi ìbátan tímọ́tímọ́ tí ó ti dàgbà kún un. Nítorí náà, màmá àgbà tí ó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti bá wa tọ́ ọmọ, tí ó jẹ́ pé òun ni ọmọ ń sọ gbogbo rẹ̀ fún ní ọ̀sán kí a tó ti ibi iṣẹ́ dé, lè fi ọwọ́ sí i.